Èjìká Òríónì Tó Ṣú Lójijì: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Betelgeuse

Ní ìdajì oṣù Kejì ọdọọdún, bí ẹ bá dúró ní gbangba nílùú Ìbàdàn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ gbójú sókè gan-an, ìràwọ̀ pupa kan wà ní àtàrí yín. Betelgeuse ni orúkọ rẹ̀. N kò fi ti àtàrí yẹn ṣe àsọdùn. Ojú ọ̀nà tí ìràwọ̀ yìí ń tọ̀ la ojú ọ̀run kọjá wà ní digírì 7.4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ibẹ̀ náà sì ni Ìbàdàn wà. Ilé-Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́ kò jìnnà sí i. Ẹni tó wà ní London máa ń wò ó lápá gúúsù ni, ní ìdajì òkè. Orí tiwa ló ń gbà kọjá. Nítorí náà ló ṣe ń dùn mí pé nígbà tí ohun ńlá ṣẹlẹ̀ sí i láàárín 2019 sí 2020, ìròyìn ìlà méjì ni ọ̀pọ̀ wa gbọ́: pé ìràwọ̀ kan fẹ́ bú. Kò bú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tíì parí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan. Bẹ́líìtì ọdẹ tí àwọn ará Gíríìkì sọ ní Òríónì nìyẹn. Betelgeuse ni èjìká rẹ̀ kan, Bellatrix ni èjìká kejì, Rigel tó funfun gbòò sì wà lápá ẹsẹ̀. Pípupa tí Betelgeuse pupa fi hàn pé ojú rẹ̀ kò gbóná tó ti oòrùn. Lórí òṣùwọ̀n Kelvin, ojú oòrùn wà ní nǹkan bí 5,800. Ti Betelgeuse wà ní nǹkan bí 3,600. Títóbi ló fi jù ú lọ. Ká ní ó wà ní ipò oòrùn ni, yóò gbé ayé mì, yóò gbé Mars mì, yóò sì tún nà kọjá ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ tó ti oòrùn 15 sí 20.

Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Oòrùn wa ti lo ọdún bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀, ara rẹ̀ ṣì le. Betelgeuse kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì ti darúgbó, torí pé iná tó ń jó nínú rẹ̀ pọ̀ ju epo tó ní lọ. Ọjọ́ tí epo náà bá tán, àárín rẹ̀ yóò wó lulẹ̀, ìyókù yóò bú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì mọ́ débi pé a ó máa rí i lọ́sàn-án gangan. Èyí ló jẹ́ kí gbogbo ayé ta gìrì nígbà tó ṣú.

Ohun kan wà tó yẹ ká sọ kí a tó máa bá a lọ. Ìmọ́lẹ̀ Betelgeuse máa ń rìn tó nǹkan bí 500 sí 700 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ tí mo bá dárúkọ nísàlẹ̀ yìí, ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà dé ayé ni.

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ìràwọ̀ yìí kì í dúró sójú kan. John Herschel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wo sánmà ní South Africa nígbà náà, kíyè sí i ní 1836 pé nígbà míì ó ń mọ́ sí i, nígbà míì ó ń dín kù. Àwọn tó tẹ̀ lé e rí i pé ìyípadà méjì ló wọnú ara wọn. Àkọ́kọ́ máa ń gba nǹkan bí 400 ọjọ́. Ara ìràwọ̀ náà ló ń wú tó sì ń sún kì. Èkejì máa ń gba nǹkan bí 2,100 ọjọ́, ìyẹn ọdún mẹ́fà dín díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohun tó fa ìkejì yìí. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ní Yunifásítì Villanova ní Amẹ́ríkà, Edward Guinan àti Richard Wasatonic ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ Betelgeuse láti ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ tí kì í mú òkìkí wá ni, alẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2019, wọ́n fi ìkéde ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ káàkiri ayé pé Betelgeuse ti ń ṣú, kò sì tíì ṣú tó báyìí rí láti ìgbà tí àwọn ti ń wọ̀n ọ́n.

Lórí òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Betelgeuse sábà máa ń wà ní àyíká 0.5. Nígbà ìkéde yẹn, ó ti dé 1.1. Láàárín ọjọ́ 7 sí 13 oṣù Kejì 2020, ó dé 1.6. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Bellatrix, èjìká kejì, wà ní 1.64. Èjìká Òríónì méjèèjì wá dọ́gba, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbójú sókè lè fi ojú lásán rí i láìní awò kankan lọ́wọ́.

Àsìkò ọyẹ́ ni oṣù Kejì jẹ́ nílé. Ọyẹ́ a máa bo oòrùn fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi ràn bí òṣùpá, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò ṣe oòrùn. Eruku ló wà láàárín àwa àti òun. Nítorí irú èyí ni àwọn tó ń wọn ìràwọ̀ kì í fi wo ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń fi í wé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Aldebaran kò yí padà. Rigel kò yí padà. Betelgeuse nìkan ló ṣú, nítorí náà ohun tó ṣú u kò sí nínú afẹ́fẹ́ ayé. Ó wà lára rẹ̀ tàbí ní àyíká rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbúgbàù gba ìwé ìròyìn kan. N kò dá àwọn tó ń retí rẹ̀ lẹ́bi. Ọdún 1604 ni aráyé ti fi ojú lásán rí ìràwọ̀ tó bú nínú agbo ìràwọ̀ tiwa gbẹ̀yìn, èyí tó bú ní 1987 sì wà nínú agbo mìíràn tó múlé tì wá. Ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn tó mọ inú irú ìràwọ̀ yìí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí Betelgeuse tún lo nǹkan bí 100,000 ọdún kó tó bú. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun tó ń lọ ní àárín gbùngbùn irú ìràwọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn lójú rẹ̀. Ṣíṣú ojú kì í ṣe àmì pé àárín ti fẹ́ wó. Mo rò pé ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló yẹ kó gba ìwé ìròyìn yẹn kan.

Emily Levesque àti Philip Massey lo awò ńlá Lowell tó wà ní Arizona ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2020, nígbà tí ṣíṣú náà dé góńgó. Ìbéèrè wọn rọrùn: ṣé ojú ìràwọ̀ yìí ti tutù ni? Wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n sì rí 3,600 lórí òṣùwọ̀n Kelvin. Massey àti Levesque yìí kan náà ti wọ̀n ọ́n ní 2004, 3,650 ni wọ́n rí nígbà náà. Àádọ́ta péré tó já kò lè mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ lọ. Èrò wọn ni pé eruku ni, eruku tí hóró rẹ̀ tóbi, tí ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ tú jáde.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Thavisha Dharmawardena àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò James Clerk Maxwell ní Hawaii, tó máa ń gba irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí eruku fara pamọ́: bí eruku tuntun bá pọ̀ níbẹ̀, ó yẹ kó máa tàn, kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ti dín tó ìdá kan nínú márùn-ún. Wọ́n ní kò jọ eruku lójú àwọn. Ojú ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní àbàwọ́n tútù, èyí tó gba ju ìdajì ojú tó kọ sí wa lọ. Àwọn méjèèjì wọ̀n dáadáa. Àwọn méjèèjì mọṣẹ́. Ẹ̀rí wọn kò sì bára mu.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìjiyàn yẹn di aláìlópin ni fọ́tò kan tí wọ́n ti yà ṣáájú. Ní Paranal, lórí òkè inú aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, àwọn ará Yúróòpù ní awò tí wọ́n ń pè ní VLT, ẹ̀rọ SPHERE tó wà lára rẹ̀ sì lè ya ojú Betelgeuse fúnra rẹ̀, kì í ṣe tóótó ìmọ́lẹ̀ kan lásán. Ìràwọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣeé yà báyìí kò pọ̀. Miguel Montargès àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yà á ní oṣù Kìíní 2019, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá, wọn kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún yà á ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ìyàtọ̀ náà hàn kedere: apá gúúsù ti ṣú, apá àríwá ṣì ń tàn. Wọ́n yà á ní oṣù Kìíní 2020, wọ́n tún yà á ní oṣù Kẹta. Láìpẹ́ sígbà náà, àrùn Kòrónà ti Paranal pa.

Bí eruku bá bo ìràwọ̀ yíká, gbogbo ojú rẹ̀ ni yóò ṣú. Èyí tó ṣú lápá kan ṣoṣo ní láti ní orísun kan. Andrea Dupree ní Harvard ní ẹ̀rí tó bá ìyẹn lọ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi awò Hubble wo Betelgeuse jákèjádò 2019. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ṣáájú kí ṣíṣú tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí wa, wọ́n rí gáàsì gbígbóná tó ki, tó ń sá jáde láti apá gúúsù ìràwọ̀ náà ní nǹkan bíi 320,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan.

Bí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, bó ṣe lọ nìyí. Nínú Betelgeuse, gáàsì gbígbóná máa ń hó wá sókè, èyí tó ti tutù a sì rì padà sísàlẹ̀. Ní 2019, ọ̀kan nínú ìhó wọ̀nyí tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì bọ́ sí àsìkò tí ara ìràwọ̀ náà ń wú síta. Ó já jáde. Ìwúwo ohun tó já jáde náà ju ti òṣùpá wa lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ibi tó ti já wá tutù, nítorí pé ohun tó gbóná ti lọ. Ìtutù yẹn sì jẹ́ kí gáàsì tó wà lókèèrè díẹ̀ dì, ó di eruku, ó sì dúró ní ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà bọ̀ wá bá wa. Èyí ni Montargès àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kẹfà 2021. Ojú tútù wà, eruku náà wà. Ọ̀kan ló bí èkejì. Àwọn tó ń jiyàn ti rí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ohun kan náà.

Ẹ̀rí tó wú mi lórí jù lọ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Himawari-8 jẹ́ sátẹ́láìtì àwọn ará Japan, iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi rán an. Ó wà lókè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà, ó sì ń ya fọ́tò gbogbo ojú ayé tó kọ sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá nígbà náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìjì àti òjò ń lọ. Àmọ́ fọ́tò náà fẹ̀ ju ayé lọ díẹ̀. Sánmà dúdú máa ń wà ní etí rẹ̀, ìràwọ̀ a sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Daisuke Taniguchi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tokyo bá lọ wá Betelgeuse ní etí àwọn fọ́tò ojú ọjọ́ yẹn. Wọ́n rí i, láti 2017 títí dé 2021, láìsí àlàfo ńlá, ní oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, títí kan irú èyí tí afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀ fún awò tó wà nísàlẹ̀. Wọn kò ra awò tuntun. Ohun tó ti wà nínú àpótí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Èsì wọn, tó jáde ní 2022, ni pé ojú ìràwọ̀ náà tutù sí i ní nǹkan bí 140 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, eruku sì bò ó. Ohun méjèèjì ló jọ pín ṣíṣú náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì-ìdajì. Àwọn tí kò lo fọ́tò Paranal gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ dé ibi kan náà. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni ẹjọ́ apá yìí tó parí.

Betelgeuse padà mọ́ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún 2020. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tètè bọ̀ sípò. Wíwú àti sísún kì ọjọ́ 400 tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún dà rú. Èyí tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní nǹkan bí 200 ọjọ́, ló hàn lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè tó kù ni ti ọjọ́ 2,100 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú ìkéde oṣù Kejìlá 2019 àti èyí tó tẹ̀ lé e, Guinan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ́ka sí i pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ kéré jù nínú ìyípadà ọjọ́ 400 àti nínú ti ọjọ́ 2,100 bọ́ sí àsìkò kan náà. Ìyẹn nìkan kò tó ohun tó lè ṣú ìràwọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kún un. Kí ló wá ń fa ọjọ́ 2,100?

Àwọn kan ti ń fura tipẹ́ pé Betelgeuse kò dá wà. Ní àárín 1980 sí 1990, wọ́n kéde ìràwọ̀ méjì kan pé alábàárìn rẹ̀ ni wọ́n. Àwọn mìíràn wá a, wọn kò rí i. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Kí ohun méjì jọ wà lójú kan kò tíì fi hàn pé wọ́n jọ ní nǹkan ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdí alábàárìn múlẹ̀ ní láti fi hàn pé ìkejì ń fa ìkíní.

Ní 2024, ìwé méjì jáde, àwọn tó kọ ọ̀kan yàtọ̀ sí àwọn tó kọ èkejì. Jared Goldberg, Meridith Joyce àti László Molnár yẹ gbogbo ohun mìíràn tó lè fa ọjọ́ 2,100 wò, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Morgan MacLeod àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí àkọsílẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tó fi bí Betelgeuse ṣe ń sún mọ́ wa díẹ̀ tó sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀ hàn. Ibì kan náà ni wọ́n dé: ìràwọ̀ kékeré kan ń yí Betelgeuse po ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà dín díẹ̀, òun ló sì ń fà á síwá sẹ́yìn. Nínú àlàyé Goldberg àti àwọn tó kù, ìràwọ̀ kékeré yìí ń la eruku àyíká Betelgeuse kọjá bó ti ń lọ. Ìgbà tó bá wà níwájú, eruku a dín kù lójú ọ̀nà wa, ìmọ́lẹ̀ a sì pọ̀ sí i.

Ó kù kí ẹnìkan rí i. Steve Howell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò Gemini North ní Hawaii. Wọ́n máa ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá kékeré lọ, kí gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ayé má baà rí àyè da ìmọ́lẹ̀ rú, wọ́n a wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní 2020, nígbà tí ìṣirò fi alábàárìn náà sí ojú ìlà kan pẹ̀lú Betelgeuse, wọn kò rí nǹkankan. Ní oṣù Kejìlá 2024, nígbà tó yẹ kó jìnnà sí i jù lọ, ohun tóótó kan hàn níbi tí ìwé méjèèjì sọ pé yóò wà. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àlàfo ayé àti oòrùn jìnnà sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 250 ti Betelgeuse lọ. Wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé sì fọwọ́ sí Siwarha gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Ní àsìkò kan náà, Anna O'Grady àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò Chandra láti wá ìtànṣán X lára rẹ̀, wọn kò rí i. Nítorí náà kì í ṣe òkú ìràwọ̀ tó ki ganrínganrín, èyí tí ì bá máa tú irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ jáde. Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ni, tí ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti oòrùn wa.

Ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Inú gáàsì tínrín tó yí Betelgeuse ká ló ti ń rìn, gáàsì náà sì ń fà á sẹ́yìn. Láàárín nǹkan bí 10,000 ọdún, Betelgeuse lè gbé e mì. Àwọn méjèèjì jọ ṣẹ̀dá ní àsìkò kan náà ni. Ìwúwo nìkan ló jẹ́ kí ọ̀kan ti darúgbó kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀ ayé.

Àyíká Betelgeuse kò sì parí síbi tí Siwarha wà. Awò Herschel ti àwọn ará Yúróòpù, tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ooru títí di 2013, ya àwọn ọrun ńlá tí gáàsì àti eruku ṣe níwájú ìràwọ̀ náà, torí Betelgeuse ń sáré 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ti ohun tó bá pàdé síwájú. Irú ohun tó já jáde ní 2019 ló para pọ̀ di ìyẹn, láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á pé ọ̀rọ̀ Siwarha ti dájú bí ti eruku 2019. Àwọn tó rí i fúnra wọn sọ pé àmì tí àwọn rí kò lágbára tó bí wọ́n ti máa ń fẹ́. Mo gbà pé ó wà níbẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti sọ pé yóò wà kí wọ́n tó wò ni wọ́n ti rí i, àti torí pé wọn kò rí i nígbà tí kò yẹ kó hàn. Bí ìṣirò bá tọ́, ní oṣù Kọkànlá 2027 Siwarha yóò tún jìnnà sí Betelgeuse jù lọ, ní òdìkejì ibi tí wọ́n ti rí i ní 2024. Wọn yóò dojú awò kọ ọ́ nígbà náà. Bí tóótó ìmọ́lẹ̀ náà bá wà níbẹ̀, ọjọ́ 2,100 ti rí àlàyé. Bí kò bá sí, àfi kí wọ́n padà sí àwọn nọ́ńbà Villanova àti àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, kí wọ́n tún un wá.